Ẹ̀tẹ̀ edé kọ́, àrùn ẹlẹ́fun ni

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará.

Ẹ̀gbọ́n wa tó ń túmọ̀ ìwé pélébé fún àwọn olóko edé ní ká pe àrùn tó ń fi àmì funfun sí edé lára ní "ẹ̀tẹ̀ edé". Ẹ̀gbọ́n, ẹ dákun, ẹ má jẹ́ kó wọ ìwé. Ẹ̀tẹ̀ kì í yára. Ọdún gbọọrọ ló fi ń jẹ ara, oògùn rẹ̀ sì wà. Èyí tí à ń sọ yìí, fáírọ́ọ̀sì ló ń fà á, ó sì lè pa gbogbo edé inú adágún kan tán láàárín ọjọ́ 3 sí 10. Kò ní oògùn. Taiwan àti Ṣáínà ló ti yọjú ní 1992. Nígbà tó fi máa di 1999, ó ti dé Ecuador, ó sì ba oko edé jẹ́ níbẹ̀ gan-an. Olóko tó bá gbọ́ "ẹ̀tẹ̀" á ní òun ṣì ráyè. Bẹ́ẹ̀, kò ráyè.

Ẹ wo àmì náà fúnra rẹ̀. Bí a bá ṣí èèpo tó bo orí edé, tí a gbé e sí ìmọ́lẹ̀, ṣe ló dà bíi pé ẹnì kan ń ki ṣóńṣó igi bọ ẹfun, tó ń tẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn lára tó-tò-tó. Ìdí tí mo fi dábàá "àrùn ẹlẹ́fun" nìyẹn. Mo mọ̀ pé ẹnì kan á ní ẹfun Ọbàtálá kò yẹ lára àrùn. Àwọ̀ rẹ̀ nìkan la yá.

Ọ̀rọ̀ kejì tí kò yẹ kó wọ ìwé náà ni "àjẹsára". Ara edé kò rí bíi tiwa: kì í rántí àrùn tó ti bá jà rí bí ẹ̀jẹ̀ wa ṣe ń rántí, orí ìrántí yẹn sì ni abẹ́rẹ́ àjẹsára dúró lé. Olóko tó bá kà á á máa wá abẹ́rẹ́ kiri. Ẹ jẹ́ ká kọ "ìdènà", nítorí ohun tó lè ṣe gan-an nìyẹn: kó ra ọmọ edé tí wọ́n ti yẹ̀ wò, kó gbọ́n omi adágún gbẹ, kí oòrùn pa ilẹ̀ rẹ̀ títí yóò fi sán, kó sì dínà mọ́ akàn, tó lè gbé fáírọ́ọ̀sì náà wọlé láìṣàìsàn.

"Èèpo tó bo orí" tí mo kọ lókè kò tẹ́ mi lọ́rùn. Àwa ará Ìbàdàn, gbígbẹ la ń bá edé lórí àtẹ ní Bódìjà, orí rẹ̀ á sì ti rún. Ẹ̀yin ará Ìlàjẹ tó ń rí i láàyè, kí lẹ ń pè é?