Mo ti ra róbọ́ọ̀tì agbálẹ̀ náà

Ẹ ṣeun, gbogbo ẹ̀yin tẹ́ ẹ dá mi lóhùn nígbà tí mo béèrè èwo ni kí n rà: róbọ́ọ̀tì tó ń wọ́ aṣọ tútù lẹ́yìn, àbí èyí tí aṣọ ìnulẹ̀ rẹ̀ méjì ń yí bírí. Èyí tó ń yí ni mo rà. Ọbẹ̀ ẹ̀fọ́ tó gbẹ mọ́ táìsì kíṣìnì, ẹ̀ẹ̀mejì ló kọjá lórí ẹ̀, ó ṣí. Tó bá dé orí kápẹ́ẹ̀tì, á gbé aṣọ náà sókè. Fúnra rẹ̀ ló ń padà lọ fọ̀ ọ́ níbi tó ti ń gba iná; omi tó ń kù síbẹ̀ lásìkò ọyẹ́ yìí dúdú bí aró. Ẹ tètè máa dà á nù o, tó bá sùn mọ́jú, á rùn. Abẹ́ bẹ́ẹ̀dì tí màámi ò lè bẹ̀rẹ̀ gbá mọ́ ló dùn mọ́ mi jù. Ìbéèrè mi parí síbí.