Níbo lèèyàn ti lè rí sóyà tí kì í ṣe GMO l'Ábújá?

Ìyá Ìbejì Kúbwà: Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, ará ilé. Sóyà ni mò ń wá, ti jíjẹ àti ti gbígbìn, èyí tí kì í ṣe GMO (ìyẹn èyí tí wọ́n yí àbùdá rẹ̀ padà ní ilé ìwádìí), tí wọn ò sì da kẹ́míkà lé lórí, ìyẹn ọ̀gánìkì. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti wá a rí, kí lojú yín rí?

Àgbẹ̀ Gwágwáládà: Ìbéèrè méjì lẹ dì sínú ẹrù kan yẹn. Ti GMO ò le. Wọn ò tíì fọwọ́ sí sóyà GMO fún gbígbìn ní Nàìjíríà. Òwú ni wọ́n kọ́kọ́ fọwọ́ sí ní 2018, ẹ̀wà SAMPEA 20-T tẹ̀ lé e ní 2019, àgbàdo TELA dé lẹ́yìn wọn. Sóyà tó ń ti Benue, Kaduna àti Niger wọ ọjà wa kò sí lára wọn. Kẹ́míkà ló yẹ kẹ́ ẹ máa bi wọ́n léèrè.

Ọmọ Ọ̀fà: "Sóyà àgíríìkì" tó kún ọjà ńkọ́? Ṣé òjò ló rọ̀ ọ́ ni?

Àgbẹ̀ Gwágwáládà: Àgíríìkì ò túmọ̀ sí GMO. Irú sóyà àgíríìkì bíi TGX 1448-2E, TGX 1835-10E, TGX 1951-3F, IITA, iléeṣẹ́ ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ n'Íbàdàn, ló mú wọn jáde. Wọ́n á gbé lẹ́búlẹ́bú òdòdó sóyà kan sára òmíràn, wọ́n á sì máa ṣa ọmọ tó dáa lọ́dọọdún títí ìwà rẹ̀ á fi dúró.

Ọmọ Ọ̀fà: Bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n máa ń wí.

Onírúgbìn Zuba: Ẹ̀gbọ́n, ẹ wo ìparí orúkọ. Ẹ̀wà àti àgbàdo GMO tó ti Zaria jáde, T ló gbẹ̀yìn wọn: SAMPEA 20-T, SAMMAZ 72T dé 75T. Àmọ́ orúkọ lára àpò nìkan ò tó o. Àwọn kan á ra sóyà jíjẹ ní múdù, wọ́n á fi oògùn pupa pa á láró, wọ́n á rán ẹnu àpò, ó di irúgbìn. Ẹ wá káàdì búlúù NASC, àjọ ìjọba tó ń mójú tó irúgbìn, lẹ́nu àpò. Nọ́ńbà wà lábẹ́ ibi tí wọ́n ń họ bíi káàdì ìpè ayé àtijọ́. Ẹ họ ọ́, kẹ́ ẹ fi àtẹ̀jíṣẹ́ fóònù yẹ̀ ẹ́ wò kẹ́ ẹ tó sanwó. Tí wọ́n bá ti bá yín họ ọ́ sílẹ̀, ẹ yáa fi àpò náà sílẹ̀ fún olówó ẹ̀. Èyí tó pupa yẹn kò ṣeé jẹ, kì í sì í ṣe ọ̀gánìkì, kódà kó jẹ́ ojúlówó.

Bàbá Àdùkẹ́: NASC wà ní Sheda, kò jìnnà sí Gwágwáládà. Ẹ lọ bi wọ́n léèrè àwọn tó níwèé àṣẹ.

Màmá Bẹ́sìkẹ́ Nyanya: Ti jíjẹ, ẹ ṣe wàrà sóyà (awara tàbí bẹ́sìkẹ́) fúnra yín, ọ̀rọ̀ á tán. Kílò kan sóyà, ẹ rẹ ẹ́ ní wákàtí mẹ́jọ sí mẹ́wàá. Tóoru bá mú, ẹ pààrọ̀ omi rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ á kan. Ẹ bó èèpo rẹ̀, ẹ lọ̀ ọ́ kúnná, ẹ fi omi bíi líítà mẹ́jọ sẹ́ ẹ. Ẹ gbé e kaná. Ìfófòó rẹ̀ ń tanni jẹ o! Á rú dé etí ìkòkò kó tó hó rárá, ẹ má sọ pé ó ti jinná. Ìgbà tó bá hó tòótọ́ lẹ máa ka ogún ìṣẹ́jú, torí ohun kan wà nínú sóyà tútù tí kì í jẹ́ kí oúnjẹ dà nínú, òun ló ń fa inú rírun. Ẹ sọ̀ ọ́ kalẹ̀, kó fara balẹ̀ díẹ̀, kẹ́ ẹ wá máa da omi ògì kíkan sí i díẹ̀díẹ̀. Ẹ rò ó lẹ́ẹ̀mejì péré kẹ́ ẹ fi í sílẹ̀. Bí omi ojú rẹ̀ bá ti mọ́ tó pọ́n rẹ́súrẹ́sú, ó ti dì nìyẹn. Ẹni tó bá ń rò ó ṣáá, wàrà rẹ̀ á fọ́ wẹ́wẹ́ bíi gàrí, kò ní ṣeé gé. Ẹ dì í sáṣọ, ẹ gbé òkúta lé e fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú.

Ọ̀gbẹ́ni Lábù: Màmá, omi ògì ti àgbàdo wo? Tó bá jẹ́ ti TELA ńkọ́? 😂

Màmá Bẹ́sìkẹ́ Nyanya: Ìwọ ọmọ yìí! Lo ọsàn wẹ́wẹ́ nígbà náà.

Hàjíà Ṣuku: Álọ́ọ̀mù ló yá jù.

Màmá Bẹ́sìkẹ́ Nyanya: Hàjíà, ó yá lóòótọ́, àmọ́ tó bá pọ̀ díẹ̀ báyìí á korò, á le bíi rọ́bà. Àwọn tó ń ta awara lójú títì ń lò ó torí kó lè tètè dì.

Hàjíà Ṣuku: Ọwọ́ ló ń korò, kì í ṣe álọ́ọ̀mù.

Ìyá Ìbejì Kúbwà: Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin ìyá. Ti inú páálí ńkọ́?

Ọ̀gbẹ́ni Lábù: Ibẹ̀ ni GMO wà, Àǹtí. Sóyà tí wọ́n ń gbìn l'Amẹ́ríkà, ó lé ní ìdá àádọ́rùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún tó jẹ́ GMO, Brazil àti Argentina náà ò kẹ̀rẹ̀. Ẹ wá "lecithin" tàbí E322, èyí tí wọ́n sábà ń yọ látinú sóyà, lára bisikíìtì àti ṣokoléètì. Èyí tó bá ní àmì ọ̀gánìkì Amẹ́ríkà tàbí ewé oníràwọ̀ funfun ti Yúróòpù, òfin wọn ò gba GMO níbẹ̀. Ẹ má jẹ́ kẹ́nikẹ́ni fi pélébé tí wọ́n fi ń yẹ GMO wò ta yín ní òróró o. Purotéènì ni pélébé yẹn ń wá, òróró tí wọ́n ti yọ́ mọ́ kì í ní in mọ́, torí náà á ní "kò sí" láìka irú sóyà tí wọ́n fún.

Ọmọ Ọ̀fà: Sóyà tútù ńkọ́? Èèyàn lè dán an wò nílé?

Ọ̀gbẹ́ni Lábù: Bẹ́ẹ̀ ni, bó bá ṣì lè hù. Ẹ gbin àádọ́ta sínú abọ́ yanrìn méjì. Bó bá ti yọ ewé ẹlẹ́ẹ̀ta-ẹ̀ẹ̀ta lẹ́ẹ̀kejì, ẹ po mílílítà mẹ́wàá glyphosate (oògùn apakoríko) olóòdúnrún-ó-lé-ọgọ́ta gíráàmù nínú líítà kan sínú líítà omi kan, ẹ fọ́n ọn sí abọ́ kan ṣoṣo, ẹ wọ ìbọ̀wọ́. Sóyà wa á pọ́n, á sì kú láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Èyí tó bá ń tutù nìṣó, ẹ fura sí i. Kì í mú gbogbo GMO o, àwọn tí glyphosate ò ràn nìkan ni.

Àgbẹ̀ Gwágwáládà: Ẹ rí i? Glyphosate yẹn gan-an ni wọ́n ń fọ́n sílẹ̀ kí wọ́n tó kọ ebè, ká tó wá sọ ti èyí tí wọ́n ń fọ́n kó tó hù. Torí náà ẹ má wá ọ̀gánìkì lọ́jà lóṣù kọkànlá, kò sẹ́ni tó máa jẹ́wọ́ fún yín. Ẹ lọ bá àgbẹ̀ lóko ní ìparí oṣù keje, bóyá ọkọ́ ló fi ń ro ó. Ìroko méjì ni: ọ̀sẹ̀ kejì àti bí ọ̀sẹ̀ kẹfà. Kẹ́ ẹ sì tu gbòǹgbò kan wò, ẹ la kókó ara rẹ̀. Bí inú rẹ̀ bá pupa bí ẹ̀jẹ̀, ó ń ṣiṣẹ́, kò nílò yúríà kankan.

Hàjíà Ṣuku: NoduMax tí wọ́n ń pò mọ́ ọn, ṣé yẹn kì í ṣe GMO?

Àgbẹ̀ Gwágwáládà: Rárá, Hàjíà. Kòkòrò àìfojúrí inú ilẹ̀ tó ń mú kókó gbòǹgbò yẹn wá ni wọ́n ṣà jọ. Sáṣẹ́ẹ̀tì 100 gíráàmù fún kílò mẹ́wàá sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún irúgbìn, lábẹ́ ibòji, kẹ́ ẹ gbìn ín lọ́jọ́ náà. Ẹ má pò ó mọ́ irúgbìn pupa yẹn, oògùn ara rẹ̀ á pa á.

Onírúgbìn Zuba: Tí Ìyá Ìbejì bá ti rí ojúlówó lọ́dún yìí, kò nílò kó rà á lọ́dún tó ń bọ̀. Sóyà ń gbin ara rẹ̀ kí òdòdó tó là, kì í sábà gba ti aládùúgbò. Ìpakà ló ń bà á jẹ́: ẹ má fi igi lù ú kíkankíkan bíi ti ọkà, èèpo rẹ̀ lè sán, kò sì ní hù dáadáa. Ẹ ka ọgọ́rùn-ún sínú àkísà tútù kẹ́ ẹ tó gbìn. Ọgọ́rin tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó dáa.

Ọmọ Ọ̀fà: Tó bá jẹ́ ogójì ńkọ́?

Màmá Bẹ́sìkẹ́ Nyanya: Gbé e wá fún mi ní Nyanya.