Ike ọ́ìlì bíréèkì ń jò nídìí

Ìyá Ìbejì: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ike ọ́ìlì bíréèkì ọkọ̀ mi ń jò níbi tó ti jókòó lórí másítà sílíńdà, ìyẹn irin tó ń ti ọ́ìlì lọ sí bíréèkì. Ọ́ìlì ọ̀hún dúdú bí àgbo, ó sì ń bó ọ̀dà ọkọ̀. Ṣé kí n ra ike tuntun ni?

Mẹkáníìkì Mọ́kọ́lá: Mà, ẹ má tíì náwó. Rọ́bà roboto méjì tí ike kì bọ̀ ló sábà máa ń gbó. Ẹ fa ọ́ìlì inú rẹ̀ gbẹ, ẹ yọ wáyà ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ àti píìnì tó dì í mú, kí ẹ wá máa mì í sókè díẹ̀díẹ̀. Ẹ má fi irin yọ ọ́, ike tó ti gbó tètè máa ń sán. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi pẹtiróòlù fọ̀ ọ́! Mo ti rí rọ́bà tó wú bí ẹ̀wà tí wọ́n rẹ sómi. Ọ́ìlì bíréèkì tuntun ni kí ẹ fi pa rọ́bà kó tó wọlé.

Ọmọ Ìjẹ̀bú: Ẹ tètè da omi sí ọ̀dà yẹn.

Ìyá Ìbejì: DOT 3 ni irú ọ́ìlì bíréèkì tí wọ́n kọ sórí ìdérí ike náà. Ṣé DOT 5 ò dáa jù?

Mẹkáníìkì Mọ́kọ́lá: Rárá o, àwọn méjèèjì kì í dàpọ̀. Ẹ lo DOT 3, kí ẹ sì fa afẹ́fẹ́ jáde nínú bíréèkì ní ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kí ẹ tó gbé ọkọ̀ jáde.