Láísẹ́ǹsì yí padà mọ́ wa lọ́wọ́: ẹ wá sọ ohun tí ojú yín rí

Àkàndé Kóòdù

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ẹnì kan bi mí níbi iṣẹ́ pé kí ló pa èmi àti láísẹ́ǹsì sọ́fítíwíà (àdéhùn tó sọ bí èèyàn ṣe lè lo kóòdù) pọ̀, ṣé mo ti di lọ́yà ni. Mo ní kò burú, n ó gbé ọ̀rọ̀ náà wá síbí kí kálukú sọ tirẹ̀. Tèmi nìyí.

Oṣù kẹta ọdún 2021 ni. Iṣẹ́ open source kan wà tí a jọ ń tọ́jú (kóòdù rẹ̀ wà ní gbangba), Rails, irinṣẹ́ Ruby fún kíkọ ìkànnì, la fi kọ ọ́, MIT sì ni láísẹ́ǹsì rẹ̀, èyí tó fẹ́rẹ̀ẹ́ gba gbogbo èèyàn láyè láti lò ó bó ṣe wù wọ́n. Mo fẹ́ gbé àtúnṣe kékeré kan sórí sáfà, ni bundle install, àṣẹ tó ń kó àwọn library wá, bá yarí. Ó ní mimemagic 0.3.5 ni Gemfile.lock (àkójọ ẹ̀dà àwọn library tí iṣẹ́ náà ń lò) ń béèrè, òun ò sì rí i níbi kankan. Mo tún un ṣe, ọ̀rọ̀ kan náà ló ń sọ. Ẹ jọ̀ọ́, kí ló ń jẹ́ mimemagic? Kò sí nínú Gemfile wa! Mo ṣí Gemfile.lock, mo bẹ̀rẹ̀ sí í tọ ipasẹ̀ rẹ̀. Rails ló mú Active Storage wá, Active Storage mú marcel wá, marcel ló wá fa mimemagic lọ́wọ́ wọlé. Àlejò tí àlejò mú wá ni.

Iṣẹ́ mimemagic ni láti wo ìbẹ̀rẹ̀ fáìlì kó sì sọ irú ohun tó jẹ́. Bí fáìlì bá fi %PDF bẹ̀rẹ̀, PDF ni, orúkọ yòówù kí ẹni tó gbé e wá sọ ọ́. Àkójọ àwọn àmì wọ̀nyí wà nínú fáìlì XML kan tí wọ́n mú láti inú shared-mime-info ti freedesktop.org. GPL ni ìyẹn, láísẹ́ǹsì tó ní kí iṣẹ́ tó bá gbà á sínú, tí wọ́n sì pín káàkiri, wà lábẹ́ GPL náà. mimemagic ní tirẹ̀ ń sọ pé MIT lòun. Ọ̀kan nínú àwọn tó ń tọ́jú shared-mime-info ló rí i, ó sì kọ̀wé sí ẹni tó ni mimemagic. Onítọ̀hún ò jiyàn. Ó gbé 0.3.6 jáde lábẹ́ GPL, ó sì yọ àwọn ẹ̀dà àtijọ́ kúrò lórí RubyGems, ibi tí a ti ń gba library Ruby. Ìdí nìyẹn tí 0.3.5 fi pòórá.

Ẹ wo ibi tó bá wa. Tí a bá dúró sórí 0.3.5, build ò ní lọ. Tí a bá gba 0.3.6, GPL ti wọ inú iṣẹ́ tí a sọ fún gbogbo ayé pé MIT ni. Rails fúnra rẹ̀ wà nínú wàhálà kan náà. Lẹ́yìn náà ni 0.3.7 dé: ó padà sí MIT, ó yọ fáìlì XML náà kúrò, ó ní kí kálukú fi shared-mime-info sórí ẹ̀rọ ara rẹ̀. Bí a ṣe fi apt install kan, àṣẹ tó ń fi nǹkan sórí ẹ̀rọ, kún Dockerfile nìyẹn. Ní ọjọ́ 26 oṣù kẹta, Rails gbé 6.1.3.1, 6.0.3.6 àti 5.2.5 jáde, marcel tuntun sì ń lo àkójọ ti Apache Tika dípò mimemagic. A yọ apt install náà, a lọ sùn.

Wọ́n bú ẹni tó ni mimemagic bí ẹni pé ó jalè. N ò bá wọn lọ́wọ́ sí i. Wọ́n pè é sí àkíyèsí, ó sì ṣe ohun tó tọ́ kíákíá. Kí ló tún kù?

Ìyá Ìbejì Backend

Tèmi ò pariwo tó bẹ́ẹ̀ rárá. Mo ń ṣe sọ́fítíwíà rìsíìtì fún ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, Java ni, iText ló ń tẹ PDF rẹ̀. Ẹ̀dà 2.1.7 ló wà níbẹ̀ látọjọ́ tó ti pẹ́, LGPL àti MPL, láísẹ́ǹsì tó rọ̀ ju GPL lọ. Mo fẹ́ lo ẹ̀dà tuntun, mo wá rí i pé AGPL, tó tún le ju GPL lọ, ni láti orí iText 5, láti ọdún 2009! Kóòdù wa wà lábẹ́ láísẹ́ǹsì Apache, tó rọ̀ bíi MIT, àwọn míì sì ti ń fi ṣe ọjà tiwọn. Ẹ̀dà àtijọ́ ò yí padà o, ẹnikẹ́ni ò lè gbà á lọ́wọ́ ẹ. Ó kàn ń gbó ni. OpenPDF, tó yà kúrò lára iText 4, ni mo kó lọ, import díẹ̀ ni mo sì yí padà.

Ọmọ Ọ̀yọ́ ní Leeds

Ẹ̀gbọ́n Àkàndé, tiyín tiẹ̀ yá. Tiwa fẹ́rẹ̀ẹ́ gba ọdún kan.

Akka ni, library fún Java àti Scala. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2022, Lightbend tó ni ín kéde pé láti orí 2.7, Apache 2.0 ti tán, BSL 1.1 (wọ́n tún ń pè é ní BUSL), láísẹ́ǹsì tó ń fi ààlà sí lílò, ló kù. Iléeṣẹ́ tí owó tó ń wọlé fún un lọ́dún kò bá tó mílíọ̀nù 25 dọ́là kò ní san kọ́bọ̀. Àwọn kan nínú wa bá ní, “Ó tán! Àwa tí a ò rí náírà kan nínú iṣẹ́ yìí, kí ló kàn wá?”

Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ wà. Àwa bọ́ lọ́wọ́ owó, àmọ́ àwọn tó ń lo iṣẹ́ wa ńkọ́? A kọ ọ́ sí README pé Apache 2.0 ni, ẹ lò ó bó ṣe wù yín. Báńkì kan lè gbà á, kó gbé e sórí sáfà, kó wá rí i pé nǹkan kan wà nínú rẹ̀ tó ní kí òun wá sanwó. Ìlérí tí a ṣe ti di irọ́ nìyẹn, bẹ́ẹ̀ a ò yí ìlà kan padà nínú kóòdù. Flink, sọ́fítíwíà dátà tó jẹ́ ti ẹgbẹ́ Apache gan-an, ò lè gba 2.7, torí òfin ẹgbẹ́ Apache ò fàyè gba irú láísẹ́ǹsì bẹ́ẹ̀ nínú iṣẹ́ wọn. Wọ́n dúró sórí 2.6.

A dúró pẹ̀lú wọn títí Pekko 1.0 fi jáde ní oṣù keje ọdún 2023, ìyẹn Akka 2.6 lábẹ́ orúkọ mìíràn lọ́wọ́ Apache. Flink kó lọ síbẹ̀ ní 1.18. Import rọrùn, sed ló ṣe é. Application.conf ló fi ojú wa rí màbo. Tí o bá gbàgbé “akka” síbẹ̀ dípò “pekko”, kò ní ké, kò ní sunkún, yóò kàn pa gbogbo ètò tó o ṣe tì, yóò sì máa lo tirẹ̀. Test ń yege, timeout ò rí bí a ṣe kọ ọ́.

Bàbá Sáfà

Ẹ má bínú o, àwọn tó ń kọ nǹkan wọ̀nyí náà fẹ́ jẹun. Ẹ wo àwọn tó yí láísẹ́ǹsì padà: MongoDB 2018, Elastic 2021, HashiCorp oṣù kẹjọ 2023, Redis oṣù kẹta 2024. Ohun kan náà ni gbogbo wọn ń sọ, pé àwọn iléeṣẹ́ cloud ńlá ń ta iṣẹ́ àwọn. N ò lè ní irọ́ ni.

Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó ń dúró mọ́. Redis kéde ní ọjọ́ 20, nígbà tó máa fi di ọjọ́ 28 Valkey, tó yà kúrò lára Redis, ti wà lábẹ́ Linux Foundation. Redis 8 wá fi AGPL kún un ní oṣù karùn-ún 2025. Ẹni tó ti kó ẹrù lọ sí Valkey, kí ló fẹ́ padà wá ṣe?

Ti Terraform, irinṣẹ́ HashiCorp, ló pa mí lẹ́rìn-ín. Ọmọ iṣẹ́ mi kan ní òun ti brew upgrade títí, kò kúrò ní 1.5.7, bóyá lápútópù òun ti gbó. Mo ní kò gbó. Ibẹ̀ ni MPL parí sí, Homebrew (ibi tí brew ti ń gba sọ́fítíwíà) ò sì gba BUSL sínú àkójọ rẹ̀.

Python Lásán

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ṣé redis-py, library Python tó ń bá Redis sọ̀rọ̀, náà yí padà? Òun nìkan ni mò ń lò.

Bàbá Sáfà

Rárá, àbúrò. MIT ni, MIT ló ṣì jẹ́. Sáfà ni wọ́n yí, kì í ṣe client. Èyí tó o ní yẹn ń bá Valkey sọ̀rọ̀ dáadáa.

Ìyá Ìbejì Backend

Èmi, kí n tó gba library kankan báyìí, mo ń wo ẹni tó ni ẹ̀tọ́ lórí kóòdù náà. Tó bá jẹ́ iléeṣẹ́ kan ṣoṣo, tó sì ń ní kí gbogbo olùrànlọ́wọ́ fọwọ́ sí CLA, ìwé tó fún un ní ẹ̀tọ́ lórí ohun tí wọ́n kọ, mo mọ̀ pé ó lè yí i padà lọ́jọ́ tó bá wù ú. Tó bá jẹ́ GPL tó wà lọ́wọ́ ọgọ́rọ̀ èèyàn bíi ti Linux, ta ló fẹ́ kó gbogbo wọn jọ?

Mo tún ní ẹ̀rọ tó ń yẹ láísẹ́ǹsì wò nínú CI, ètò tó ń dán kóòdù wò fúnra rẹ̀. Lọ́sẹ̀ tó kọjá ó dá build dúró nítorí library kékeré kan tó kàn ń yí déètì padà. Ẹni tó kọ ọ́ ò fi láísẹ́ǹsì kankan sí i, ìyẹn ni pé kò fún ẹnikẹ́ni láyè láti lò ó. Mo kọ̀wé sí i, ó fi MIT sí i kí ilẹ̀ tó ṣú.