Kí ló dé tí igi àti irin fi kún inú kàtídírà Beauvais?

Arìnrìnàjò_Kékeré:
Ẹ kú ìkàlẹ̀ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Àwa tá a máa ń wọ ọkọ̀ òfurufú olówó pọ́ọ́kú lọ sí Paris, Beauvais ni wọ́n máa ń já wa sí, a kì í sì í wo ìlú náà rárá. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọkọ̀ tèmi ò ní í gbéra títí di alẹ́, ni mo bá wọ ìlú lọ wo kàtídírà Saint-Pierre wọn. Mo gbójú sókè títí ọrùn fi dùn mí. Ṣùgbọ́n igi ńláńlá pẹ̀lú irin ni wọ́n fi gbé ògiri dúró nínú ilé, àfi bí ẹni pé ó fẹ́ wó. Ibi tó yẹ kí ìjọ jókòó sí, kò sí! Bí èèyàn bá ti kọjá ibi pẹpẹ àti apá méjèèjì tí ilé yà sí lọ́tùn-ún àti lósì, ògiri ló kàn. Lẹ́yìn ògiri yẹn, ṣọ́ọ̀ṣì kékeré kan tó ti gbó kùjọ́kùjọ́ ló wà níbẹ̀. Ṣé owó ló tán ni, àbí ogun ló bà á jẹ́?

Dẹ̀ǹgẹ́_Tútù:
Àtúnṣe ni wọ́n ń ṣe jàre. Ṣọ́ọ̀ṣì àtijọ́ wo lo dé ní Yúróòpù tí bírìkìlà ò sí lórí ẹ̀? Ti Cologne, ọdún 1248 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ ẹ̀, 1880 ni wọ́n tó parí ẹ̀.

Agbẹ́kùúta_Àríwá:
Kì í ṣe àtúnṣe lásán o. Iṣẹ́ òkúta ni mò ń ṣe ní àríwá England. Àwọn ṣọ́ọ̀ṣì àtijọ́ tí òjò ti jẹ òkúta wọn là ń pààrọ̀ òkúta fún. Mo máa ń sọ fún àwọn ọmọṣẹ́ pé kí wọ́n kọ́kọ́ lọ wo Beauvais kí wọ́n tó lọ wo èyí tó dúró dáadáa.

Ọdún 1225 ni Bíṣọ́ọ̀bù Milon de Nanteuil bẹ̀rẹ̀ ilé yìí, lẹ́yìn tí iná jó. Nígbà yẹn, ìlú ń bá ìlú díje. Chartres ga, Amiens tún ga jù ú lọ: àjà òkúta ti Amiens fi mítà 42 ga sílẹ̀. Beauvais ní òun á borí gbogbo wọn. Nígbà tí wọ́n parí ibi pẹpẹ lọ́dún 1272, àjà tiwọn fi nǹkan bíi mítà 48 ga. Títí dòní, kò sí kàtídírà Gọ́tíìkì kankan, ìyẹn irú ilé gíga olójú fèrèsé ńlá tí wọ́n ń kọ́ láyé ìgbà yẹn, tí àjà rẹ̀ ga tó o.

Gíga yẹn gan-an kọ́ ni wàhálà. Òkúta lè ru òkúta lọ sókè rẹpẹtẹ kó tó fọ́. Àmọ́ àjà tó tẹ̀ kọrọdọ máa ń ti ògiri síta lọ́sàn-án lóru, bí àkàbà tí wọ́n gbé ti ògiri tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ń fẹ́ yọ̀ sẹ́yìn. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń kọ́ àwọn apá òkúta tí ẹ máa ń rí níta: apá yẹn ló ń gba agbára náà lára ògiri, á gbé e fún òpó ńlá tó dúró lóde, òpó á gbé e wọlẹ̀. Nígbà tí ògiri ò ní ẹrù tó pọ̀ lọ́rùn mọ́, wọ́n lè dá a lu, kí wọ́n fi gíláàsì aláwọ̀ mèremère dí i. Ọgbọ́n tó dáa ni. Ṣùgbọ́n òpó tín-ín-rín ni Beauvais lò, wọ́n sì jẹ́ kí àlàfo àárín wọn fẹ̀.

Ní oṣù kọkànlá ọdún 1284, àjà wó. Àwọn onímọ̀ ṣì ń bá ara wọn jiyàn lórí ohun tó fà á: àwọn kan ní atẹ́gùn ni, àwọn kan ní òpó ni. Wọ́n tún un kọ́. Bí ẹ bá tún débẹ̀, ẹ wo àwọn òpó kan láàárín òpó nítòsí pẹpẹ. Lẹ́yìn tí àjà wó ni wọ́n kì wọ́n bọ̀ ọ́. Ogun ọlọ́gọ́rùn-ún ọdún tí Faransé bá England jà tún dá iṣẹ́ dúró. Ọdún 1500 ni ọ̀gá àwọn kọ́lékọ́lé kan, Martin Chambiges, tó bẹ̀rẹ̀ apá ọ̀tún àti òsì ilé tí ẹ rí.

Ibi tó ń bí mi nínú rèé. Dípò kí wọ́n kọ́ ibi ìjókòó ìjọ, ilé gogoro ni wọ́n gbé lé orí àárín ilé: mítà 153, wọ́n parí ẹ̀ lọ́dún 1569. Kò sì sí ilé kankan lápá ìwọ̀-oòrùn, níbi tó yẹ kí ìjọ máa jókòó sí, tó máa gba àwọn òpó àárín yẹn mọ́ra. Lọ́jọ́ Ìgòkè-re-ọ̀run ọdún 1573, ìjọ ṣẹ̀ṣẹ̀ tò jáde ni gbogbo rẹ̀ ya lulẹ̀. Wọn ò tún un kọ́ mọ́ láéláé. Ṣọ́ọ̀ṣì kékeré tí ẹ rí yẹn, Basse-Œuvre ni wọ́n ń pè é, ó ti wà láti ọ̀rúndún kẹwàá. Òun ni wọn ì bá wó kí kàtídírà lè gba ibẹ̀. Àìparí iṣẹ́ àwọn ẹlòmíì ló kó o yọ!

Ní ti irin: irin tẹ́ẹ́rẹ́ ló so àwọn apá òkúta ìta pọ̀ mọ́ra wọn. Láàárín ọdún 1960 sí 1970, wọ́n yọ wọ́n pé wọn ò wúlò. Apá bẹ̀rẹ̀ sí í mì nínú atẹ́gùn, wọ́n bá tún fi irin tuntun síbẹ̀. Igi àti irin inú ilé, ọdún 1990 sókè ni wọ́n gbé e wọlé.

Arìnrìnàjò_Kékeré:
Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣeun gan-an. Àmọ́ mo ti dé kàtídírà Durham ní England rí. N ò rí apá òkúta kankan níta, ilé sì dúró digbí.

Agbẹ́kùúta_Àríwá:
Apá wà o, àbúrò. Abẹ́ òrùlé ẹ̀gbẹ́ ni wọ́n fi í pamọ́ sí. Láàárín 1093 sí 1133 ni wọ́n kọ́ Durham, ògiri wọn nípọn, àjà wọn ò sì ga tó ìdajì ti Beauvais.

Ìyá_Ìbejì:
Ẹ má dá Beauvais lẹ́bi jù, ẹ̀yin agbẹ́kùúta. Kàtídírà Salisbury ní England náà gbé ṣóńṣó mítà 123 lé ilé tí wọn ò kọ́ fún un. Lọ́dún 1668 tí Christopher Wren, ayàwòrán ilé, yẹ̀ ẹ́ wò, ó bá a pé ó ti fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Orí ló gbé wọn.

Agbẹ́kùúta_Àríwá:
Òótọ́ lẹ sọ, màmá, àwọn òpó àárín ibẹ̀ ti tẹ̀. Ẹ dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀kan kẹ́ ẹ wòkè, ojú lásán á rí i. Ṣùgbọ́n orí nìkan kọ́. Wọ́n ki òkúta dábùú mọ́ àárín òpó, wọ́n sì fi irin dè é lókè. Ilé sì wà níhà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tó gbá wọn mú. Ìhà mẹ́ta ni Beauvais ní.