Èsì: "Ìbọn aláìkọlà" kẹ̀? Ta ló ń kọlà fún ìbọn?

Ẹ̀yin ará,

Mo ti fẹ́ dákẹ́. Ṣùgbọ́n mo jí láàárọ̀ yìí, mo rí i pé èèyàn mẹ́fà ti kín "ìbọn akìlẹ́nu aláìkọlà" lẹ́yìn, ẹnì kan tilẹ̀ ní ká kọ ọ́ sínú àkójọ ọ̀rọ̀ wa. Ara mi ò gbà á mọ́.

Ìbéèrè tí àbúrò wa tó ń gbé Pennsylvania mú wá kò le. Ó fẹ́ ra ìbọn àtijọ́, èyí tí à ń gba ẹnu rẹ̀ ki ẹ̀tù àti ọta, tí inú irin rẹ̀ ń dán, tí kò ní ìlà yíyípo bíi ti ràífù. Ó fẹ́ máa fi dọdẹ àgbọ̀nrín, ó sì fẹ́ máa fi yìnbọn sí àmì lọ́jọ́ Sátidé. Ó béèrè èyí tí ì bá rà, ó sì béèrè ohun tí à ń pè é. Ẹ fi ti àkọ́kọ́ sílẹ̀, gbogbo yín rọ́ lu èkejì, Ọ̀jọ̀gbọ́n wa sì bí ọmọ yìí fún wa: "ìbọn akìlẹ́nu aláìkọlà", ìyẹn ìbọn tí à ń ki lẹ́nu, tí a kò kọlà sí nínú.

Ẹ jẹ́ ká mú "akìlẹ́nu" ná. Ẹ̀gbọ́n, mo dọ̀bálẹ̀, ṣùgbọ́n ìbọn kì í ki ara rẹ̀. A- olóhùn àárín, olùṣe ló ń bí: akọ̀wé ló ń kọ̀wé, apẹja ló ń pẹja. À- olóhùn ìsàlẹ̀ ló ń bí ohun tí a ṣe: àkọsílẹ̀ ni ohun tí a kọ sílẹ̀, àdìrẹ ni aṣọ tí a dì tí a sì rẹ. Bí akìlẹ́nu bá tilẹ̀ jẹ́ ọ̀rọ̀, èmi tí mo di ọ̀pá mú ni akìlẹ́nu. Ìbọn ni àkìlẹ́nu. Ohùn kan ṣoṣo ló wà láàárín ọdẹ àti ìbọn rẹ̀, ẹ sì gbé e jù nù. Mo mọ̀ pé "asẹ́" lẹ máa fi dá mi lóhùn, pé irinṣẹ́ ni, a- olóhùn àárín ló sì ní. Ó dáa. Asẹ́ ló ń sẹ́ nǹkan. Ìbọn kò ki nǹkan kan, òun là ń kì.

Àǹtí wa láti Èkìtì ní olóhùn àárín ni ọ̀rọ̀-ìṣe náà fúnra rẹ̀, nítorí pé "ó ki ìbọn" là ń sọ. Àǹtí mi, iwájú ọ̀rọ̀-orúkọ lẹ ti gbọ́ ọ, ibẹ̀ ni ohùn ìsàlẹ̀ ti máa ń gòkè. Ẹ fi arọ́pò-orúkọ sí i: "ó gbé ìbọn, ó kì í." Bó ṣe ń ki ọba tó sì ń kì í náà nìyẹn. Yìn náà ńkọ́? À ń yin ọba, à ń yin ìbọn. Bàbá mi máa ń fi ṣẹ̀fẹ̀ pé nínú ilé òun, ìbọn nìkan là ń kì tí à ń yìn bí ọba, kò sì fún èèyàn ní kọ́bọ̀ rí.

Ó ku "aláìkọlà". Ẹni tó bá ti ka Bíbélì Yorùbá mọ ẹni tí Dáfídì pè bẹ́ẹ̀. Ṣé Gòláyátì lẹ fẹ́ kí ọdẹ gbé kọ́ èjìká wọ igbó? "Aláì-" tún ń sọ pé nǹkan kù. Kí ló kù? Inú dídán ti wà kí ràífù tó gbòde. Ẹni tó dé lẹ́yìn, tó gbé ìlà sínú wá, òun ni kó gba orúkọ àfikún. Ẹ pe ìyẹn ní ìbọn onílà. Ta ló ń pe bàbá ní aláìjẹ́ọmọ?

Ọ̀rọ̀ wà nílẹ̀: ṣakabùlà. Ẹnu rẹ̀ là ń gbà kì í, inú rẹ̀ kò nílà. Sílébù mẹ́rin ti kó ohun tí ẹ ń fi mẹ́sàn-án wá. Ẹnì kan ní ọ̀rọ̀ náà rẹlẹ̀, pé ìbọn alágbẹ̀dẹ abúlé ni, kò yẹ ìbọn òyìnbó. Ìtìjú yìí ló ń bí mi nínú jù. Birmingham kan náà tó ń rọ ìbọn fún àwọn oníṣòwò tó ń gúnlẹ̀ sí etíkun wa ló ń rọ èyí tí Hudson's Bay Company ń kó lọ pààrọ̀ awọ ẹranko ní Kánádà. Ọmọ ìyá ni wọ́n. Kírìjí pàápàá, ogun 1877 sí 1893 yẹn, ìró ìbọn ni wọ́n ní ó fún un lórúkọ. Etí ló sọ ọ́ lórúkọ, kì í ṣe ìgbìmọ̀.

Àbúrò, ìwọ tí wọ́n gbàgbé: o ní Brown Bess àti Northwest gun lo ń wò. Fi Brown Bess sílẹ̀. Ìbọn ṣọ́jà Gẹ̀ẹ́sì ni, ẹnu rẹ̀ fẹ̀ tó ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin íǹṣì, ó sì wúwo tó bíi páùn 10. Èjìká rẹ á sọ fún ọ kí ọ̀sán tó pọ́n. Northwest gun ni kí o mú, ìbọn Hudson's Bay Company yẹn, èyí tí ejò idẹ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ejò yẹn ni àwọn ọdẹ ìgbà náà fi ń mọ ojúlówó. Wọ́n ń pè é ní 24 nítorí pé bí o bá yọ́ òjé páùn kan, ọta róbótó 24 tó bá ẹnu rẹ̀ mu ni yóò jáde. Irin tó yí ibi tí ìka ń fà ká fẹ̀, kí ẹni tó wọ ìbọ̀wọ́ lè ti ìka bọ̀ ọ́, ìwọ náà á sì nílò rẹ̀: lẹ́yìn Kérésì, nínú yìnyín, ni Pennsylvania ń ya àkókò ìbọn olókùúta, èyí tí òkúta ń ṣáná sí ẹ̀tù rẹ̀ bíi tìrẹ yìí, sọ́tọ̀ láti 1974. Ọta ẹyọ kan fún àgbọ̀nrín, má ṣe yìn ín kọjá yáàdì 50, nítorí inú dídán kì í mú ọta yípo. Ọta wẹ́wẹ́ fún ẹyẹ. Ní ti àmì, iwájú nìkan ni ohun ìwò wà. Ojú ìwọ fúnra rẹ ni ti ẹ̀yìn, nítorí náà ibi kan náà ni kí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ máa fara ti ìdí ìbọn nígbà gbogbo.

Bàbá mi, ní Òkè-Ògùn, àtẹ́lẹwọ́ ló máa ń da ẹ̀tù sí ná, á fojú wọ̀n ọ́n, kó tó rọra dà á sẹ́nu ìbọn. Àkísà tẹ̀ lé e, gígé láti ara búbá àtijọ́ ìyá mi, òrí ti gbó sí i lára. Lẹ́yìn náà ọta. Á fi ọ̀pá tì í lọ sísàlẹ̀, á wá ju ọ̀pá náà sínú ihò lẹ́ẹ̀kan. Bí ó bá ta padà sókè pẹ̀lú ìró kó, á ní "ó ti yó." Kò sọ pé ó kún rí.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ máa fi àmì sórí "ẹ̀tù" o. Ẹnì kan kọ̀wé pé òun ra "ẹtu" páùn kan. Ẹran ni ẹtu, ẹyẹ ni ẹtù, ẹ̀tù la fi ń pa àwọn méjèèjì.

Ó ku apátí. Alàgbà wa ará Ọ̀yọ́ ní ibi tí ìka ń fà ni òwe "ìbọn lápátí, kò lápátí" ń tọ́ka sí. Nílé wa, ohun tó ń di òkúta ìbọn mú lẹ́nu là ń pè bẹ́ẹ̀, bàbá mi kò sì pe nǹkan mìíràn bẹ́ẹ̀ títí ó fi kú. Alàgbà, ẹ ní ẹ máa bi àwọn ọdẹ àdúgbò yín. Oṣù méjì rèé.

Ọmọ Ọdẹ