Ǹjẹ́ òótọ́ ni pé góòlù inú PCR ń tètè fi ibà ẹlẹ́dẹ̀ hàn?

Ọlọ́sìn Mọ́níyà:
Ẹ̀yin onímọ̀, ẹ kú iṣẹ́. Ẹlẹ́dẹ̀ mẹ́rin ló kú mọ́ mi lọ́wọ́ láàárín ọjọ́ mẹ́fà ní oko mi ní Mọ́níyà. Etí wọn kọ́kọ́ pọ́n, ó di aláwọ̀ aró, wọn kò sì jẹun mọ́ títí wọ́n fi kú. Mo gbé ẹ̀jẹ̀ ọ̀kan lọ sí láàbù, wọ́n ní PCR, ìyẹn àyẹ̀wò tó ń wá DNA (àkọsílẹ̀ àbùdá) fáírọ́ọ̀sì, kò rí ibà ẹlẹ́dẹ̀ ilẹ̀ Áfíríkà nínú rẹ̀. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi wá ní irú PCR kan wà tí wọ́n ń fi góòlù tó kéré ju eruku lọ sí, tó máa ń rí ohun tí ti tẹ́lẹ̀ kò rí. Ṣé òótọ́ ni, àbí gbájúẹ̀ ni?

Ará Láàbù:
Ẹ̀gbọ́n, òótọ́ ni. Ṣe ni PCR ń sọ DNA fáírọ́ọ̀sì díẹ̀ di ọ̀pọ̀: a ó mú un gbóná dé nǹkan bí ìwọ̀n 95 Celsius kí okùn DNA lè là sí méjì, a ó mú un tutù dé nǹkan bí 60 kí primer (ègé DNA kékeré tó ń fi ibi tí a ó ti bẹ̀rẹ̀ hàn) lè lẹ̀ mọ́ àyè rẹ̀, lẹ́yìn náà ni ẹ́ńsáìmù, èròjà tó ń ṣe iṣẹ́ náà, yóò hun okùn tuntun ní 72. Bí primer bá ṣèèṣì lẹ̀ mọ́ ibòmíràn, fáírọ́ọ̀sì tó kéré yóò sá pamọ́. Hóró góòlù náà, tí kò ju nánómítà mélòó kan lọ, máa ń di ẹ́ńsáìmù àti primer mú díẹ̀, ìṣìlẹ̀ náà á sì dínkù. Àwọn kan ní ooru tó ń tètè kárí ló fà á, ṣùgbọ́n èmi kò fara mọ́ ọn, nítorí mo ti fi góòlù púpọ̀ jù sí i rí, ìlà kankan kò hàn lórí gẹ́ẹ̀lì tí a fi ń wo èsì, àfìgbà tí mo bu ẹ́ńsáìmù kún un ni ìlà padà: ẹ́ńsáìmù ni góòlù náà ti dì mú. Omi góòlù tó dára pupa bíi sóbò. Bó bá ti ń di àwọ̀ aró, ẹ dà á nù.

Dókítà Ẹran:
Àlàyé yẹn péye, ṣùgbọ́n góòlù kò lè rí ohun tí kò sí nínú ìgò. Báwo ni ẹ̀jẹ̀ yẹn ṣe dé láàbù? Inú ìgò EDTA, tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, ló yẹ kó wà, nínú kúlà oníyìnyín, láti ara ẹlẹ́dẹ̀ mẹ́ta tàbí mẹ́rin tí ara wọn ń gbóná lọ́wọ́. Ẹ má la òkú wọn fúnra yín, torí inú ẹ̀jẹ̀ ni fáírọ́ọ̀sì náà pọ̀ sí. Bakitéríà tó ń fa erysipelas, àìsàn ẹlẹ́dẹ̀ mìíràn, náà máa ń mú kí ara ẹlẹ́dẹ̀ pọ́n, penisílínì sì ń ṣiṣẹ́ fún un, nígbà tí ibà yìí kò ní oògùn. Kí èsì tó jáde, kí ẹyọ kan má ṣe kúrò lóko.

Ọlọ́sìn Mọ́níyà:
Dókítà, ẹ ṣeun. Ike omi ni mo rọ ẹ̀jẹ̀ náà sí, ọ̀kadà ló sì gbé e lọ lọ́sàn-án gangan. Ó ti dì kó tó débẹ̀. N óò ra kúlà lọ́la. Alápatà tó wá ná méje tó kù láàárọ̀ yìí, mo ti ní kó máa lọ.